Nígbà Wo Ni Ọ̀nà Atẹ́gùn Ilé Yẹ fún Fífọ̀?

  

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí nínú ilé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lálẹ́ yìí. Àwọn kan a máa béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún ni ó yẹ kí á fọ ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé wa. Ìdáhùn wa ni pé kò sí iye kan pàtó. Ẹ fi ojú yín wò ó, ẹ fi imú gbóòórùn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Ní Amẹ́ríkà, ilé púpọ̀ ló ní páìpù ńláńlá lókè àjà, tí ẹ̀rọ ń gba inú rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn tútù tàbí gbígbóná lọ sí gbogbo yàrá. Iṣẹ́ ńlá ni fífọ páìpù wọ̀nyí lọ́hùn-ún, owó sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1997, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tí ó ń bójú tó àyíká tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kò tíì hàn gbangba pé fífọ páìpù yìí ń gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àìsàn, nítorí náà kí onílé má kàn máa fọ̀ ọ́ lásán. Kí ó kọ́kọ́ wo ohun mẹ́ta: bóyá ohun dúdú irú èyí tí í hù lára búrẹ́dì tó bu ti hù nínú rẹ̀, bóyá eku tàbí kòkòrò ti sọ ibẹ̀ di ilé, bóyá eruku ti dí i débi pé ó ń tú sínú yàrá.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Alímọ̀ṣọ́, a kò ní irú páìpù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta náà wúlò fún wa. Ọ̀nà atẹ́gùn tiwa ni fèrèsé àti néètì rẹ̀, ihò tí bíríkìlà fi sílẹ̀ lókè ògiri, fáànù, ẹ́síì fún ẹni tó ní in, àti òkè àjà.

Ẹ jẹ́ ká mú néètì. Ẹ dúró nínú yàrá lọ́sàn-án, kí ẹ wo ìta láti inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ojú ihò rẹ̀ mọ́, tí ó ti dà bí aṣọ, ó ti tó fọ̀ nìyẹn. Omi, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó. Nígbà ọyẹ́ ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nítorí eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láti apá ilẹ̀ Ṣáàdì lọ́hùn-ún, ó kúnná ju elùbọ́ lọ. Nígbà òjò ó lè pẹ́ gan-an kó tó dọ̀tí. Ẹni tí ń gbé etí ọ̀nà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí, tàbí ẹni tí èéfín ààtàn Solous ní Ìgandò ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, kò lè bá ẹlòmíràn lo òǹkà kan náà.

Fáànù kò le rárá. Ẹ pa á, kí ẹ fi ìka kan etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bí eruku bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi àpò ìrọ̀rí àtijọ́ tí ẹ ti rin sínú omi bo abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fà á bọ̀. Inú àpò ni eruku yóò wà, kò ní í dà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ́síì ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn jù. Nínú rẹ̀, lẹ́yìn ìdérí iwájú, néètì kan wà tí ń sẹ́ eruku. Bí eruku bá dí i, ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ kò ní í lágbára. Omi lè máa kán sínú yàrá, yìnyín lè mú páìpù rẹ̀, iná inú mítà yín yóò sì máa sáré tán. Ẹ pa á lára ògiri, ẹ ṣí i, ẹ yọ néètì náà, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ sá a sí ibi òjìji kó gbẹ, kí ẹ dá a padà. Ẹ kò san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe àwọn kan, wọn kò ní í wo néètì rárá. Wọ́n á ní gáàsì ti tán. Gáàsì inú ẹ́síì kò dà bí gáàsì ìdáná tí à ń lò tán. Inú páìpù tí a dí pa ló ń yí po. Bí ó bá dín, ibì kan ń jò ni. Ẹni tó bá fẹ́ rọ òmíràn sí i láì wá ibi tó ń jò, owó yín ló fẹ́ jẹ. Bí ẹ bá fọ néètì tán tí òórùn bí aṣọ tútù tí kò gbẹ ṣì ń jáde, tí ẹ sì rí ohun dúdú nínú lọ́hùn-ún, ìgbà yẹn ni kí ẹ sanwó fún ẹni tó mọ iṣẹ́, kó tú u fọ̀.

Ti òkè àjà kò gba ìdúró. Bí ẹ bá ń gbọ́ ẹsẹ̀ eku lóru, tí ẹ sì rí ìgbẹ́ eku ní igun yàrá tàbí lójú ihò ògiri, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má dúró de Sátidé. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti ń ran ènìyàn. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, kó má baà fò sí yín nímú. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bo imú àti ọwọ́, ẹ da omi tí a pò mọ́ jíìkì lé e lórí, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ dí ihò tí eku ń gbà wọlé.

Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, ilé mímọ́ yóò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pé ẹ fọ fèrèsé kí ẹ dá oògùn rẹ̀ dúró.

Ohun kan tún wà tí kò sí fífọ̀ tó lè mú un kúrò: èéfín jẹnẹrétọ̀. Ilé wa sún mọ́ra, ọ̀pọ̀ sì ń gbé e sí fàráńdà nítorí olè. Nínú èéfín rẹ̀ ni carbon monoxide wà, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20, ẹ má sì tàn án nínú ilé láé, bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí. Bí ààyè kò bá tó ní àgbàlá, kí àwọn alájọgbélé jọ sọ ọ́, tàbí kí á pa á ká tó sùn. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí wọ́n ń bì, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde síta kíá, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù, irú Ilé Ìwòsàn Ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgandò.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè.