Ta Ló Ń Jẹ Èrè Kòkó?

 Ọ̀rọ̀ kòkó ni mo mú wá lónìí. Ẹ má sọ pé kí ló kan ará Láfíàjí nínú oko kòkó. Oníṣòwò Èkó yìí gan-an, J.P.L. Davies, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ín nílẹ̀ Yorùbá, ní oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n, ní nǹkan bí ọdún 1880. Nígbà tó yá, kòkó di ọrọ̀ Ìbàdàn àti Oǹdó. Owó rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955, ó sì wà nínú Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àpò kòkó kan. Àgbẹ̀ Oǹdó á ká a, á là á, á bò ó mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á sá a sóòrùn. Àwọn tó ń ra kòkó á wọ̀n ọ́n, ó di ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ kòkó Áfíríkà ń gúnlẹ̀ sí Amsterdam. Ní ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀. Ibẹ̀ lowó wà. Nínú náírà kan tí òyìnbó san fún ṣokoléètì, tí àgbẹ̀ kì í sábà tó kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Àwa náà á tún rà á padà bí ọjà òkèèrè.

London àti New York ni wọ́n ti ń dá iye lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là, nítorí àìsàn igi àti ojú ọjọ́ tí kò dára ní Ivory Coast àti Ghana. Ní 2025 ó já wálẹ̀ gan-an.

Àwọn kan ní kí ìjọba dá àjọ tó ń ra kòkó padà, èyí tí wọ́n fagi lé ní 1986. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí o, síbẹ̀ n kò fara mọ́ ọn. Ní Ghana, ìjọba ló ń dá iye lé e. Nígbà tí kòkó wọ́n ní 2024, àgbẹ̀ tiwọn kò rí tó tiwa.

Ilé iṣẹ́ tó ń lọ kòkó ló jẹ mí lógún. Ó wà ní Ilé-Olújì, ó wà ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó. Ó ń fẹ́ iná tí kì í lọ, owó yíyá tí èlé rẹ̀ kò gani lára, àti àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní ìmọ̀ ẹ̀rọ oúnjẹ lòun fẹ́ kọ́ ní poli, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi dandan lé e pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà.