Bámidélé: Orúkọ Ọmọ Tí A Bí sí Kánò



Orúkọ ọmọ ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí: èyí tó lòde báyìí, àti èyí tó ti ń ṣàjèjì sí etí wa. Bámidélé ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí agbo ilé Yorùbá tí a ò ti ní rí i ní Kánò kò pọ̀. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ló ń jẹ́ ẹ, kí ó lè bá àwọn òbí rẹ̀ padà sílé. Ní 1911 ni rélùwéè dé Kánò. Kò pẹ́ sí i ni ìjọba òyìnbó wọn ilẹ̀ Sábọ̀n Gàrí fún àwọn tó ti gúúsù wá. GRA Nassarawa tí a pàdé sí yìí ni àwọn òyìnbó fúnra wọn fi ṣe ibùgbé. Akọ̀wé wá, òṣìṣẹ́ rélùwéè wá, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Abẹ́òkúta wá. Wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́ padà, wọ́n sì fi ìpinnu náà sórí ọmọ. Bámidélé ìgbà náà ti di bàbá àgbà. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ná ọjà ní Hausa ju bí wọ́n ṣe ń ná an ní Yorùbá lọ, a sì tún ń sọ ọmọ tiwọn ní Bámidélé. Ilé wo ni ọmọ yìí ń bá wọn lọ?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kì í ṣe ọlá ìdílé nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Wọ́n ń wo bí ọmọ ṣe dé àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́sẹ̀ náà. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn ò rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì takọtabo. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń wo ilé. Ọmọ tó fẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tó dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí, irú Àjàyí ará Òṣogùn tó gba orúkọ àlùfáà òyìnbó kan, Samuel Crowther, níbi ìrìbọmi rẹ̀ ní 1825, tí ìtàn ò sì yé pè ní Àjàyí.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti dúró díẹ̀ nìyí. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń ka ọjọ́ ìbí ọmọ bí àwa náà ṣe ń kà á, èyí sì máa ń wú mi lórí púpọ̀. Ọmọ tó pẹ́ nínú oyún, tí àwa ń pè ní Ọmọ́pẹ́, Shekarau ni tiwọn. Ẹ rántí Ibrahim Shekarau, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ yìí láti 2003 sí 2011. Ìdòwú wa, tó tẹ̀lé ìbejì, ni Gambo wọn. Ọmọ oníka mẹ́fà, tó jẹ́ Olúgbódi lọ́dọ̀ wa, Cindo ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Abíọ́dún àti Sallau, ọdún ló bí àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ Jímọ̀, Jímọ̀ náà ni ó ń jẹ́ nínú ilé Mùsùlùmí Yorùbá, Danjuma nínú ilé Hausa. Láwàl àti Sàní tó kún Ìbàdàn àti Èkó, èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, tí ọ̀kan túmọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́, tí èkejì túmọ̀ sí ẹnìkejì. Ilẹ̀ Hausa níbí sì ṣì ń fi wọ́n ka ọmọ tẹ̀léra títí di òní.

Ọ̀rọ̀ àbíkú náà kò yàtọ̀. Hausa tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́ a gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ sórí ààtàn, wọn a ní àwọn ti sọ ọ́ nù, ó di Ajuji. Yorùbá a ní Akísàátán, pé àkísà tí a fi ń sin wọ́n ti tán. A ní Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀. Kòsọ́kọ́ kan sì jọba Èkó láti 1845 sí 1851. Moshood Abíọ́lá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1937, ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí kò kú ní kékeré. Wọ́n pè é ní Kásìmáawò. Ọmọ tí wọn ò gbọ́kàn lé pé yóò dúró ni Kánò dìbò fún láti di ààrẹ ní ọjọ́ 12 oṣù Okúdù 1993, tí wọ́n fi Bashir Tofa, ọmọ ìlú wọn, sílẹ̀. Àwọn orúkọ yìí ti ń tán lọ, inú mi sì dùn sí ohun tó lé wọn lọ: abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ibà, àti òye pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa púpọ̀ nínú àwọn àbíkú tí a ń dá àpá sí lára nígbà tí wọ́n kú. Àmọ́ ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ bá ń jẹ́ Málọmọ́, kó má lọ yí i padà nílé ẹjọ́. Ọ̀fọ̀ tí ìyá kan là kọjá ló wà níbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ wọ kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi èyíkéyìí. Ìníolúwa, Ẹ̀ríolúwa, Mofẹ́olúwa, Ireolúwa, Àánúolúwapọ̀. Wọ́n dùn létí, èmi náà sì ń ṣe àmín sí wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí tọkọtaya ti yàn lórí fóònù nígbà tí oyún wà ní oṣù méje kò lè mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tí ọmọ dé. Ẹ̀yìn ìgbà tí a ti pa Ògún àti Ifá rẹ́ lórí orúkọ ìdílé, tí Fábùnmi di Olúbùnmi, ni ìyípadà kejì yìí tún bọ́ sí wa lára. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn Kristi kò ní kí a kọ orúkọ ilẹ̀ wa sílẹ̀: ní 1894, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi kan tó ń jẹ́ David Brown Vincent gbé orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó di Mójọlá Agbébí. Kò kúrò nínú ìjọ, kò sì fi Jésù sílẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọmọ ní Ireolúwa. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí orúkọ kejì jẹ́ ti ọjọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ nínú ọkọ̀ láàárín Zaria sí Kánò ló ti bọ́ sílẹ̀, Abíọ́nà ni. Bó bá jẹ́ Kánò lẹ fẹ́ máa gbé, ẹ wá orúkọ mìíràn tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ dípò Bámidélé. Èdè wa gbà á. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan tó ń pàdé ní Sábọ̀n Gàrí ra ìwé ńlá kan, kí wọ́n máa kọ orúkọ ọmọ tuntun àti ìdí rẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó bímọ síbẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. Ẹ lọ bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí.