Ikú Peter Thomas: Ọ̀rọ̀ Lórí Akọni Tí Jàǹbá Pa

Ìlú tí a kọ́ kí àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé tí ó wá ṣe àjọ̀dún ní 1977 lè rí ibi wọ̀ sí ni a jókòó sí yìí. Ó yẹ kí a dárúkọ ọmọ Èkó kan níbẹ̀, ẹni tí ó lọ sí òkè òkun tí kò padà wálé.

Emanuel Peter John Adeniyi Thomas ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ P. J. C. Thomas, oníṣòwò ńlá, ni. Ilé kan náà ni Stella Thomas ti jáde, ẹni tí ó di májísíréètì obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1943. Kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀, RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, kì í fi aláwọ̀ dúdú jẹ ọ̀gá. Oṣù Òkítóbà 1939 ni wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn náà, fún ìgbà ogun nìkan. Thomas gba ibẹ̀ wọlé, ó di awakọ̀ òfurufú, ó sì di ọ̀gá ní 1942, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Jánúárì 1945, jàǹbá ọkọ̀ òfurufú pa á ní Bìrìtéènì. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí.

Ibí yìí ni àwọn òpìtàn ti máa ń dákẹ́. “Ẹni àkọ́kọ́” ni wọ́n ń pè é, wọn a sì ṣí ìwé sí ojú ewé tí ó kàn. Ìtàn Akin Shenbanjo rọrùn fún wọn láti sọ: ó bá wọn fò nínú Halifax lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ DFC. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀tá nínú jàǹbá?

Bẹ́ẹ̀ jàǹbá kì í ṣe ohun kékeré. Nínú 55,573 ọmọ ogun Bomber Command tí ó kú, àwọn tí jàǹbá pa ju 8,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ tí ó ti gbó lójú ogun, bíi Wellington, ni wọ́n sábà ń kó fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọn a máa fò lóru, kùrukùru a bo orí òkè, ẹ̀rọ kan a sì dákẹ́ mọ́ ọmọ ogún ọdún lọ́wọ́.

Àwọn ọdẹ wa mọ ohun tí a gbàgbé. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣípà fún un, wọn a sun ìrèmọ̀jé, wọn a ki oríkì rẹ̀, wọn a sì ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe ni ó sọ ọ́ di ẹni tí à ń sun ìrèmọ̀jé fún. Kì í ṣe dandan kí ẹranko ni ó pa á.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1992, Hercules C-130 ti ọmọ ogun òfurufú wa gbéra ní Ìkejà, ó sì já sínú irà ní Èjìgbò, nítòsí yín níhìn-ín. Ó ju 150 ọmọ ogun lọ tí ó kú, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀gá tí kò tíì dàgbà. Wọn kò kú lójú ìjà, àwọn náà. Mélòó nínú wọn ni àwa tí a wà nínú yàrá yìí lè dárúkọ?

Ní Festac, nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ òpópónà yín ń jẹ́: First Avenue, Second Avenue. Àyè orúkọ ṣì wà níbẹ̀.