Kí Ilé Oníṣẹ̀ṣe Máa Ta Sánsán

  

Nígbà tí àwọn olùṣètò ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó dá mi lójú pé odù tàbí gírámà ni wọ́n ń retí. Ilé ìdáná ni mo mú wá. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 13, ló fà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sìn ín délé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dá a dúró sí. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí, ó dojú bolẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ilé wa ń rùn.”

Mo bínú. Mo ní àwọn tó ń tàbùkù ẹ̀sìn wa ló kó ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Mo jáde, mo rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò, mo padà wọlé, mo sì fa atẹ́gùn símú. Òótọ́ ni ọmọ sọ. Epo pupa tó ti bàjẹ́ lójúbọ, ìyẹ́ adìẹ lábẹ́ àga, obì tó ti bu nínú abọ́: imú mi ti mọ́ wọn lára débi pé n kò gbọ́ òórùn wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ní èdè wa, gbígbọ́ ni à ń gbọ́ òórùn, bí a ti ń gbọ́ ohùn, bí a sì ti ń gbọ́ Yorùbá. Ìyẹn ni pé òórùn ilé wa ń bá àlejò sọ̀rọ̀ kí àwa tó ya ẹnu.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òrìṣà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọbàtálá tí aṣọ rẹ̀ funfun, tí à ń bọ omi tí a pọn láàárọ̀ kùtù fún, ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń rùn ni yóò jókòó sí? Nítorí náà, ìgbálẹ̀ ló ṣáájú. Ẹ kó ohun tó ti jẹrà kúrò ní ọjọ́ tó tọ́, kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ibi tí epo dà sí, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ẹni tó bá fín lọ́fíńdà sórí ẹ̀gbin ti sọ òórùn kan di méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkòkò. Ẹ má da èèpo ọsàn nù. Ẹ kó èèpo ọsàn 2 sínú ìkòkò kékeré, ẹ da kànáfùrù bíi 10 sí i àti atalẹ̀ tí ẹ gé wẹ́wẹ́, kí ẹ bu omi bò wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí iná rẹ̀ kéré jọjọ. Kò ní pẹ́ tí òórùn dídùn yóò fi gba ilé kan. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ o. Mo ti jó ìkòkò kan gbẹ báyìí rí, ilé sì rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí kò bá ní kànáfùrù lè lo efínrín tàbí koríko ọba, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé tíì. Bí ẹ bá fi ọwọ́ rún efínrín díẹ̀, tí ẹ fi í sẹ́bàá fèrèsé, afẹ́fẹ́ ni yóò bá yín ṣe ìyókù.

Ọ̀dọ́ kan ti bi mí pé ṣé kànáfùrù kì í ṣe ti àjèjì. Àjèjì ni. Láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ó gba ọwọ́ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìyá wa kò tìtorí ìyẹn lé e jáde.

Ní ti òórùn ẹja, ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi pa pákó ìgẹ́ran àti ọwọ́ yín. Kíkan rẹ̀ ló ń pa agbára ohun tó ń mú ẹja rùn. Èédú tútù nínú abọ́ dára fún kọ́bọ́ọ̀dù àti fíríìjì, nítorí ihò tíntìntín pọ̀ lára rẹ̀ tó ń fa òórùn mọ́ra. Mo ní èédú tútù. Ẹ má dáná èédú nínú yàrá tí a tì. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ ń pani, òun gan-an kò sì ní òórùn kankan. Bí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nílé, ẹ dín tùràrí àti gbogbo èéfín kù. Oru ìkòkò yẹn náà, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ ọmọ mi wọlé. Ó kọjá níwájú ojúbọ, ó lọ tààrà sí ilé ìdáná, ó ní kí ni wọ́n ń sè. Ọmọ mi ṣí ìdérí ìkòkò fún un, àwọn méjèèjì sì kó imú bọ̀ ọ́.