Àjẹsára Òtútù Àyà Lára Ẹni Tó Ní Kòkòrò HIV



Inú imú àti ọ̀fun ọ̀pọ̀ ọmọdé ni kòkòrò pneumococcus ń gbé láì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí agbára ara bá lọ sílẹ̀ ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì fa òtútù àyà, tàbí kó wọ ẹ̀jẹ̀, tàbí kó bá awọ tó bo ọpọlọ jà. Ẹni tó ní HIV tí kò tíì máa lo oògùn wà lára àwọn tó tètè ń mú.

Ní Entebbe, ní Uganda, wọ́n kó àwọn àgbàlagbà tó ní HIV jọ, wọ́n lé ní 1,300. Wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tó ń kojú oríṣi pneumococcus 23, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní oògùn nínú. Èsì jáde lọ́dún 2000: abẹ́rẹ́ náà kò dáàbò bò wọ́n. Òtútù àyà tilẹ̀ pọ̀ lára àwọn tó gbà á ju àwọn tí kò gbà á lọ! Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé ara ẹni tó ní HIV kì í gba àjẹsára yìí. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ wo ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Ṣúgà ló bo pneumococcus lára, ṣúgà yẹn nìkan ni wọ́n sì fi ṣe é. Ṣúgà lásán kì í ta sẹ́ẹ̀lì CD4 jí, bẹ́ẹ̀ CD4 ló ń kọ́ àwọn sójà ara yòókù bí wọn yóò ṣe rántí ọ̀tá. Àwọn onímọ̀ wá so ṣúgà náà mọ́ purotéènì, èyí tí CD4 dá mọ̀; abẹ́rẹ́ alápapọ̀ nìyẹn. Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣebí CD4 gan-an ni HIV ń pa? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ tó ṣẹ́kù ṣì ń ṣiṣẹ́, Blantyre ní Malawi ló sì fi hàn wá.

Níbẹ̀, àwọn 496 tí àrùn pneumococcus ti dá dùbúlẹ̀ rí ni wọ́n yẹ̀ wò, HIV sì wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní abẹ́rẹ́ alápapọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín. Àwọn oríṣi tí abẹ́rẹ́ náà dojú kọ, pẹ̀lú oríṣi kan tó jọ wọ́n, padà kọlu àwọn tí kò gbà á ní ìgbà 19. Lára àwọn tó gbà á, ìgbà 5 péré ni. Ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún ni ààbò náà, gẹ́gẹ́ bí èsì ọdún 2010 ti wí. Mi ò ní fi òdì kejì pa mọ́ fún yín: ààbò náà rẹ̀yìn lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, iye ẹni tó kú kò sì dín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì máa lo oògùn HIV nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ oògùn yẹn. Ẹni tí oògùn ti gbé CD4 rẹ̀ sókè, ara rẹ̀ ń dá àjẹsára lóhùn dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Nàìjíríà, láti ìparí ọdún 2014 ni àwọn ọmọ ọwọ́ ti ń gba abẹ́rẹ́ alápapọ̀ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni pé kí wọ́n gbé e dé yàrá tí àgbàlagbà tó ní HIV ti ń gba oògùn, kí nọ́ọ̀sì tó ń ka oògùn fún un lè gún un lọ́jọ́ kan náà.