SAMPLER ALÁGBÈÉKÁ ÀTI ÁÀPÙ ORÍ FÓÒNÙ: ÈWO NI KÍ ÀWỌN Ọ̀DỌ́ WA FI ṢE ORIN?

 

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ ẹgbẹ́ pé kí a ra ẹ̀rọ kan fún àwọn tí wọn yóò máa fi ṣe orin. Àwọn kan nínú àwọn àgbà dá wọn lóhùn pé, "Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Nítorí pé iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ni mo ń ṣe jẹun ní ìlú yìí láti nǹkan bí ọdún méjìdínlógún, wọ́n ní kí n wá là á yé wa. Mo dúpẹ́ fún ànfààní náà. N kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni n ó sọ, n ó sì fi àṣìṣe tèmi náà kún un.

KÍ NI SAMPLER?

Sampler ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn díẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí a fi ìka pè é jáde nígbàkigbà tí a bá fẹ́. Ẹ gbé e sún mọ́ odó níbi tí wọ́n ti ń gúnyán, ó gba "gbì" kan ṣoṣo. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, odó dún. Ẹ gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sórí bọ́tìnnì kejì, àtẹ́wọ́ sórí ẹ̀kẹta, ohùn ìyá àgbà sórí ẹ̀kẹrin. Nígbà tí bọ́tìnnì mẹ́rìndínlógún bá kún, ọmọ kan ṣoṣo ti di ẹgbẹ́ onílù.

Nígbà tí irú ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Fairlight tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà ní 1979 wọ́n ju ọ̀pọ̀ mọ́tò lọ. Ní 1987 ni SP-1200 jáde ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré ni ohùn tí inú rẹ̀ lè gbà. Ní 1988 ni Roger Linn àti ilé-iṣẹ́ Akai ti Japan gbé MPC60 jáde, èyí tó ní bọ́tìnnì mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin-mẹ́rin ní ìlà mẹ́rin. Títí di òní, ètò bọ́tìnnì yẹn ni ọ̀pọ̀ sampler àti áàpù ń tẹ̀ lé.

Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ yìí gbayì. Wọn kò ní owó láti gba onífèrè àti onílù, wọ́n sì ń gé ohùn láti inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ àwọn bàbá wọn. J Dilla, ọmọ ìlú Detroit tó kú ní 2006, jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Lónìí, MPC tó lò wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìlù baba ńlá ẹni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ wọ́n di alágbèéká. Roland gbé SP-404 jáde ní 2005, ẹ̀rọ tó lè fi bátìrì ṣiṣẹ́. SP-404MKII tó jáde ní 2021 ń lo bátìrì mẹ́fà irú èyí tí a ń fi sí tọ́ọ̀ṣì. Teenage Engineering ti Sweden ṣe PO-33 ní 2018. Àtẹ́lẹwọ́ gbà á, bátìrì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń jẹ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ni ó ń gbà. Ní 2023, wọ́n ṣe EP-133, èyí tó tóbi jù ú lọ.

ÁÀPÙ ORÍ FÓÒNÙ

Áàpù ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí fóònù. GarageBand wà fún àwọn tó ní iPhone, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo wọn láti 2017. BandLab wà fún Android àti iPhone, òun náà ní apá tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Koala jẹ́ sampler gidi lórí fóònù. Ó lè gba ohùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sórí bọ́tìnnì rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó dọ́là mẹ́wàá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé ni. Steve Lacy, ọmọkùnrin ará Compton ní Amẹ́ríkà, fi iPhone ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin tó kọ́kọ́ ṣe. Ó wà lára àwọn tó ṣe orin kan nínú àwo Kendrick Lamar ti 2017, àwo tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2018. Ní 2023, Lacy gba Grammy fún àwo tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé fóònù kò lè ṣe orin, kò sọ òótọ́.

Ẹ JẸ́ KÁ FI WỌ́N WÉRA

Lákọ̀ọ́kọ́, owó. EP-133 jẹ́ dọ́là 299 nígbà tó jáde. Kí June 2023 tó dé, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Dọ́là 299 nígbà náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógóje náírà àti díẹ̀. Ní 2024, dọ́là kọjá náírà 1,500. Dọ́là 299 yẹn kan náà wá di nǹkan bíi náírà 450,000, láìtíì san owó ẹrù tàbí owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Bàbá wo ló fẹ́ gbé iye yẹn fún ọmọ tí kò tíì mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà? Níbi owó, áàpù borí pátápátá.

Ẹ̀kejì, iná. Gbogbo wa mọ ohun tí ojú wa rí ní 2024, nígbà tí iná ìjọba dà wó léraléra tí Àríwá sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Sampler tó ń jẹ bátìrì kò bìkítà. Ẹ ra bátìrì lọ́wọ́ mọ́láàmù tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, iṣẹ́ ń lọ. Fóònù tí a fi ń ṣe orin ni a tún fi ń pe ilé, òun náà la fi ń gba owó. Tí ó bá kú, gbogbo rẹ̀ kú. Oòrùn Kano nínú oṣù kẹrin sì máa ń mú kí fóònù gbóná títí yóò fi pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ tẹnu mi tán: eruku ọyẹ́ máa ń wọ abẹ́ bọ́tìnnì sampler, tí a kò bá fi aṣọ bò ó.

Ẹ̀kẹta, ìka àti etí. Onílù kì í fẹ́ kí ọwọ́ òun kan awọ kí ìlù tó dún lẹ́yìn náà. Bí ìka bá ṣe tẹ sampler ni ohùn ń jáde. Lórí Android, àárín ìka àti ohùn jìn síra fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Google tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe dáadáa pẹ̀lú Android 8.0 ní 2017. Fóònù olówó pọ́ọ́kú ṣì lè máa fà sẹ́yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi íyàpíìsì Bluetooth ṣe bíìtì, ó máa ń pẹ́ kí ohùn tó dé etí. Èyí tó ní wáyà ni kí ẹ lò.

Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ orí. SP-1200 ti 1987 ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́jú tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Apple gbé iOS 11 jáde ní 2017, àwọn áàpù àtijọ́ tí ẹni tó ṣe wọ́n kò tún ṣe kò ṣí mọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú wọn dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ọkàn. Sampler kò mọ WhatsApp. Kò sí ẹni tí yóò pe ọmọ sórí rẹ̀, kò sì sí fídíò ẹ̀rín tí yóò gbà á lọ́kàn. Ẹ̀yin òbí mọ ohun tí mo ń sọ.

OHUN TÍ ẸNÌKAN NÍNÚ WỌN KÒ MỌ̀

Nǹkan kan wà tí sampler kò mọ̀, tí áàpù kò mọ̀. Wọn kò mọ̀ pé ìlù wa ń sọ̀rọ̀.

Tí ìyáàlù bá dún lẹ́ẹ̀mejì ní ohùn àárín, ó lè jẹ́ "ọkọ", olówó orí ìyàwó. Tí a bá fa èkejì sókè, ó di "ọkọ́" tí a fi ń ro oko. Tí a bá rẹ èkejì sílẹ̀, ó di "ọkọ̀" tó gbé wa wá sí Kano. Tí a bá rẹ méjèèjì sílẹ̀, ó di "ọ̀kọ̀", ohun ìjà. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ lè ṣe gbogbo ìyípadà yìí. Ẹni tó rò pé òun ń fi ìlù kí ọkọ ìyàwó, ọkọ́ ló ń kí.

Ní 2019, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gé ìlù bàbá onílù wa sí wẹ́wẹ́ nínú sampler àlòkù kan tó rà. Ó fa àwọn kan sókè, ó rẹ àwọn kan sílẹ̀, ó tò wọ́n bí ó ṣe wù ú. Bíìtì náà dùn. Ó gbé e lọ fún bàbá pé kí wọ́n gbọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ìlù mi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Èèyàn ni mo ń kí. Èyí ń sọ ìsọkúsọ bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀." Ọmọ náà jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Bàbá fi ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí hàn án. Ó tún un gé. Ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ní ìtumọ̀.

ÀṢÌṢE TÈMI

Ìlù tí ọmọ náà gé, èmi ni mo gbà á sílẹ̀. Oríkì ìdílé mẹ́tàdínlógún nínú ẹgbẹ́ yìí ni bàbá fi ìyáàlù kì fún mi, gbogbo rẹ̀ wà nínú áàpù kan lórí fóònù mi. N kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbi kankan. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n yọ fóònù lápò mi ní gáréèjì.

Mo ní n ó padà lọ bá bàbá. Òní ò yẹ, ọ̀la ò yẹ. Ní 2021, bàbá jáde láyé. Nínú oríkì mẹ́tàdínlógún, ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́ta péré ló kù, àwọn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kó sínú káàdì sampler rẹ̀. Àwọn ọmọ bàbá wà níjókòó. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nílé, mo tún ń tọrọ rẹ̀ lójú gbogbo yín lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé sampler ló gba mẹ́ta yẹn là nítorí pé ó dára ju fóònù lọ. Tí olè bá jí sampler, òun náà ìbá lọ. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé wọ́n wà níbi méjì.

ÌMỌ̀RÀN MI FÚN ẸGBẸ́

Ọ̀kan: kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ bíìtì ṣíṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tó ní, áàpù ọ̀fẹ́ àti íyàpíìsì oníwàyà. Kí ó ṣe é fún oṣù mẹ́fà.

Èkejì: kí ẹgbẹ́ ra sampler kan ṣoṣo, èyí tó ń lo káàdì àti bátìrì. Àlòkù tó dára tó, ṣùgbọ́n kí a tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ wò kí a tó sanwó. Kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí àwọn tó ti fi fóònù ṣe oṣù mẹ́fà máa yá a lò.

Ẹ̀kẹta: ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò gbà ni ìlù àwọn onílù tó ṣẹ́ kù àti oríkì lẹ́nu àwọn ìyá wa. Kí a kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìtumọ̀ sílẹ̀. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà ní ilé mẹ́ta.

Ẹ̀kẹrin: kí a máa tọrọ àyè. Kò sí òfin tó sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta nínú orin ẹlòmíràn jẹ́ ọ̀fẹ́. Burna Boy lo orin Toni Braxton nínú "Last Last" ní 2022. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó orin náà ni obìnrin náà ń gbà. Tí ẹni ńlá bá ń san án, àwa náà gbọ́dọ̀ rántí àwọn onílù wa nígbà tí owó bá dé.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló ni ẹ̀rọ, ẹ̀yin àgbà ló ni ohùn tí ẹ̀rọ yóò gbà. Oríkì ìdílé mẹ́rìnlá ti lọ nítorí àìbìkítà mi. Kí èyí tó kù má lọ lójú gbogbo wa.