Asẹ́ Afẹ́fẹ́ Ọkọ̀ Yín: Ti Ilé Iṣẹ́ Tó Ṣe Ọkọ̀ Ni, Àbí Ti Ọjà?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹbí sọ níbi ìpàdé ọ̀sán Sátidé wa ní gúúsù London

A mọ̀ pé àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni, nítorí náà a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ní ìpàdé tó kọjá, a ṣèlérí pé a ó sọ̀rọ̀ nípa owó tí ọkọ̀ ń jẹ. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ti ọjọ́ kan lọ. Ohun kékeré kan ṣoṣo la mú nínú rẹ̀ lónìí, ìyẹn asẹ́ afẹ́fẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní air filter. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Arábìnrin wa kan ló wá sí ọ́fíìsì wa pẹ̀lú omijé lójú nítorí rẹ̀, ó sì gbà wá láyè láti sọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ òun.

Arábìnrin yìí ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ilé mẹ́fà, méje ló ń wọ̀ lójúmọ́, láti aago mẹ́fà àárọ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kò síṣẹ́, kò sówó nìyẹn. Ó gbé ọkọ̀ lọ fún sáfíìsì. Mẹkáníìkì ní pépà tó wà nínú rẹ̀ kò dára tó, pé kí ó ra èyí tí wọ́n fi òwú ṣe, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọn kì í sọ nù. Pé epo kò ní máa tètè tán, ọkọ̀ á sì máa fò bí ẹyẹ. Ó san pọ́n-ùn 55. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó ń kú sójú ọ̀nà. Ó tún sanwó kí wọ́n tó rí i pé òróró tí wọ́n fi pa asẹ́ òwú náà ti pọ̀ jù, ó ti lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló bá a lọ. Ó wá bi wá pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?"

Èsì wa ni pé ohun tí wọ́n tà fún un kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kò wúlò fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí asẹ́ yìí ń ṣe. Kí lítà pẹtiróòlù kan tó jó tán, ẹ́ńjìnnì á fa nǹkan bí 9,000 lítà afẹ́fẹ́ sínú. Ẹ fojú inú wo dúrọ́ọ̀mù onílítà 200, kí ẹ to 45 irú rẹ̀ jọ. Gbogbo rẹ̀ ni lítà epo kan ṣoṣo ń bá lọ. Afẹ́fẹ́ yẹn kò sì mọ́. Eruku wà nínú rẹ̀, iyanrìn kíkúnná, ewé, kòkòrò. Bí eruku bá dé ibi tí písítìn ti ń lọ sókè sódò, ṣe ló máa ń ha irin bí ìgbà tí èèyàn fi iyanrìn fọ ìkòkò. Ìkòkò á dán, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á jẹ. Á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ́ìlì, èéfín á sì máa rú jáde lẹ́yìn. Bí asẹ́ ògì ni kí ẹ ṣe rò ó. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ jù, èérí á bọ́ sínú ògì. Bí ó bá dí, omi kò ní kọjá.

Oríṣi mẹ́ta lẹ ó bá lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín lára páálí. Pépà ni, wọ́n ká a ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, ó sì máa ń wọ́n. Èkejì náà pépà ni, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe asẹ́ ló fi orúkọ ara wọn tà á: Mann, Mahle, Bosch àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé irú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí náà ló ń bá àwọn tó ń ṣe mọ́tò ṣiṣẹ́, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ máa sanwó lé orí páálí lásán. Ẹ̀kẹta ni ti òwú tí wọ́n fi òróró pa, bíi K&N tó bẹ̀rẹ̀ ní California lọ́dún 1969.

Fún ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́, èkejì la fọwọ́ sí.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí ti òwú ń jẹ́ kí epo pẹ́?" Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ní Oak Ridge National Laboratory dán an wò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dí asẹ́ afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ìgbàlódé tó ń lo pẹtiróòlù, wọ́n sì wọn epo tó jó. Epo tó ń lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń dín epo kù bí afẹ́fẹ́ bá dín kù. Ohun tó yí padà ni pé ọkọ̀ kò tètè sáré mọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ó di ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀ kí asẹ́ tó dí tó máa jẹ epo. Ó yá, bí asẹ́ tó dí kò bá jẹ epo yín, báwo ni asẹ́ olówó ńlá ṣe fẹ́ bá yín fi epo pamọ́? Pépà tó mọ́ kò dí ẹ́ńjìnnì yín lọ́nà rárá.

Kì í ṣe pé ti òwú burú. Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀, tó máa lò ó fún ọdún mẹ́wàá, tó ní sùúrù láti fọ̀ ọ́, kó gbẹ pátápátá, kó sì fi òróró tó mọ níwọ̀n pa á, kó rà á. Ṣùgbọ́n ọṣẹ àti òróró rẹ̀ náà, owó ni. Mélòó nínú wa ló ráyè fọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ká má tíì sọ asẹ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́yìn, ẹ̀yin la kàn báyìí. Èyí tó rí ṣóńṣó, tí wọ́n máa ń gbé sí gbangba lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ́ńjìnnì lè máa bú, afẹ́fẹ́ gbígbóná ara ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń fà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kò ní agbára bíi ti tútù. Ariwo lẹ ra. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò bí wọ́n bá béèrè bóyá ẹ ti yí ohunkóhun padà lára ọkọ̀. Òfin ọdún 2012 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n láyè láti dín owó tí wọ́n máa san kù bí ẹ kò bá fi ẹ̀sọ̀ dáhùn. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, wọ́n lè má san kọ́bọ̀. Pépà tó bá ti ọkọ̀ mu kì í ṣe ìyípadà.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé bí àwọn kò bá ra ojúlówó lọ́wọ́ àwọn tó ta ọkọ̀, wáráǹtì ti bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kò gbà kí wọ́n gba wáráǹtì lọ́wọ́ yín nítorí pé mẹkáníìkì àdúgbò fi páàtì tó dọ́gba pẹ̀lú ojúlówó sí i. Ẹ ṣáà tọ́jú rìsíìtì. Bí páàtì náà fúnra rẹ̀ bá ba nǹkan jẹ́, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ wáráǹtì mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná ẹ́ńjìnnì yẹn kì í sì í ṣe eré. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ pẹtiróòlù tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti oṣù keje ọdún 2003 síwájú kò lè yege MOT bí iná yẹn bá ń tàn. Ti dísùùlù bẹ̀rẹ̀ láti oṣù keje ọdún 2008.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó pọ́ọ̀kú jù. Ọ̀kan nínú wa rà á rí. Rọ́bà etí rẹ̀ kò kún àpótí, ìka ọmọdé lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Asẹ́ tó yọ àlàfo sílẹ̀ burú ju asẹ́ tó dọ̀tí lọ, torí ẹ̀gbẹ́ ni eruku á máa gbà. Ẹ gbé tuntun lé ògbólógbòó kí mẹkáníìkì tó ju èyí tó yọ nù. Kí gígùn wọn dọ́gba, kí ìṣẹ́po wọn má yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ tún rántí pé asẹ́ mìíràn wà fún afẹ́fẹ́ tí ẹ̀yin tó jókòó sínú ọkọ̀ ń mí. Ẹ bi wọ́n pé èwo gan-an ni wọ́n ń gbowó rẹ̀.

Bàbá kan ti nawọ́ tipẹ́, ó fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ẹ kú oríire, sà. Iye máìlì tí ìwé ọkọ̀ kọ, ti ibi tí eruku kò pọ̀ ni. Nígbà ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bá dé, àti lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Ẹ ra pépà méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, wọn kò wúwo. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ líle fẹ́ ẹ, bí a ti máa ń ṣe nílé. Pépà á ya níbi tí ojú kò ti rí i.

Ní ti arábìnrin wa, wọ́n ti nu ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà, wọ́n fi pépà pọ́n-ùn 12 sí i, iná sì ti kú. Asẹ́ òwú ṣì wà nínú búùtù rẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà á, kó wá bá òun lẹ́yìn ìpàdé.